Bí pẹ́lé Màmá ṣe dé orí bébà

Pẹ́lé ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, mẹ́ta lápá ọ̀tún mẹ́ta lápá òsì, ó sì jìn débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré tí wọ́n bá gbé mi lé itan, ìka mi máa ń wọnú ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo ya wọ́n ní fọ́tò lẹ́yìnkùlé ilé wọn n'Íbàdàn. Àárọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n jókòó sórí àpótí wọ́n ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti gbé fóònù sókè. Nígbà tí mo wo ohun tí mo yà, inú mi dùn gan-an, torí pẹ́lé mẹ́ta tó kọjú sí mi yọ kedere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Mo sáré fi hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n tún nà án jìnnà, ìka wọn kan ojú ẹ̀ báyìí fọ́tò mìíì ló yọ, wọ́n tún kàn án, iná ojú fóònù kú. Wọ́n dá a padà fún mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ó dáa o. Ìgbà wo lo máa fọ̀ ọ́?"

Ká fọ fọ́tò. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, wọ́n á yà yín tán, ọ̀gá onífọ́tò á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí fíìmù gbọ́dọ̀ tán nínú kámẹ́rà kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá òkùnkùn, kí wọ́n fi kẹ́míkà àti omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a bí aṣọ. Omi ti kúrò nínú iṣẹ́ náà tipẹ́ àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu Màmá. Èmi tí wọ́n wá bi léèrè yìí, fọ́tò inú fóònù mi lé ní 11,000, mi ò sì lè tọ́ka sí ẹyọ kan tó wà lórí bébà láti bí ọdún mẹ́jọ. Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára.

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Mo wá ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tẹ fọ́tò, mo fi WhatsApp fi ránṣẹ́ sí wọn, mo sanwó, mo lọ gbà á lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ìyá tí wọ́n kó fún mi. Wọ́n ti sọ Màmá di apọ́nbéporẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bí awo tánganran, pẹ́lé ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹyọ kan ò kù. Mo bi ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àǹtí, a ti bá yín tún ojú màmá ṣe ni. Àwọn àpá yẹn, a ti bá yín pa á rẹ́."

Àpá. Mi ò bá a jà, ọmọ dáadáa ni, ó rò pé òun ń ṣe mí lóore ni, wọn ò tiẹ̀ gba owó kún un. Àmọ́ nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sílé omi ń bọ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n fi abẹ kọ sí Màmá lójú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí ẹ̀jẹ̀ dà, tí wọ́n sunkún ẹ̀, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ilé ẹni níbikíbi téèyàn bá ṣáko lọ, ẹnì kan tí ò rí wọn rí jókòó ó fi ìka kan pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wá rí i pé ẹni tó bá ń tẹ fọ́tò, òun gan-an ló ń pinnu bí ojú èèyàn ṣe máa rí. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ní èmi fúnra mi ni màá tẹ fọ́tò yìí, kó gbà mí ní iye ọjọ́ tó bá máa gbà mí.

Èkó ni mò ń gbé, torí náà Computer Village n'Íkẹjà ni mo lọ. Ká ní mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí ni, mi ò bá má fẹsẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀. Pírìńtà tó wà ní ọ́fíìsì tó ń lo tóńà, ìyẹn íńkì oníyẹ̀fun, ó dáa fún lẹ́tà, ẹ má gbé ojú èèyàn lọ síbẹ̀. Èyí tó tún wà ni kékeré kan bíi Canon SELPHY, kì í lo íńkì olómi rárá, rìbọ́ọ̀nù ló ń lò, ooru ló fi ń lé àwọ̀ sára bébà: bébà á wọlé á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yẹ́lò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà magenta tó jọ pupa, lẹ́yìn náà cyan tó jọ búlúù, ẹ̀ẹ̀kẹrin á wá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo gbogbo ẹ̀ kí omi àti ọwọ́ má bà á jẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi parí. Ẹni tó bá kàn fẹ́ máa tẹ fọ́tò ọmọ ẹ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù, tí ò fẹ́ wàhálà, kó ra ìyẹn kó lọ sinmi. Kìkì pé kò lè tẹ̀ ju ìwọ̀n póòsìkáàdì lọ, èmi sì fẹ́ gbé Màmá kọ́ ògiri.

Torí náà mo ra pírìńtà tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n ń rọ íńkì sí láti inú ìgò bí ẹni ń rọ epo. Íńkì mẹ́fà ló ń lò. Mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ń lò, dúdú, cyan, magenta, yẹ́lò, àmọ́ èyí ní cyan tó fẹ́lẹ́ àti magenta tó fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé awọ ara kò ní máa rí wínníwínní bí iyanrìn, àwọ̀ kan á kàn máa wọnú òmíràn jẹ́jẹ́.

Kí n tó tan pírìńtà yẹn, mo padà sídìí fọ́tò fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan kọ́ ló jẹ̀bi, èmi náà jẹ̀bi. Fọ́tò inú fóònù, èérún kéékèèké ló para pọ̀ dì í, píksẹ́lì ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó mọ́ dáadáa lórí bébà, 300 ni kẹ́ ẹ kó sínú ínǹṣì kan. Fọ́tò 4 by 6 tí gbogbo wa mọ̀ ń fẹ́ 1200 níbùú, 1800 lóòró. Bébà A4 ń fẹ́ 2480 àti 3508. Fóònù oní-12 megapixel (ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 12) ń ya nǹkan bíi 4000 sí 3000, ẹ fi 300 pín in, ẹ ó rí i pé ó tó ínǹṣì 13 sí 10, ó ju A4 lọ nìyẹn, kámẹ́rà ńlá ò pọn dandan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi WhatsApp gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe fọ́tò tí mo yà. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ di kékeré kó lè tètè lọ, nígbà tí mo wo èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù níbẹ̀ ò ju 1600 lọ, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ sọ nù tí wọ́n bá fún fọ́tò ni nǹkan tín-ín-tìn-ín tó wà lára awọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà gbé e láti fóònù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà bí èmi ṣe ń ṣe. Kẹ́ ẹ tún wo kámẹ́rà fóònù yín dáadáa o, ọ̀pọ̀ ló ní "beauty", ohun tó ń tún ojú èèyàn ṣe, tó ń ti ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án. Ẹ pa á.

Mo sì fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ilà ojú tí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Pẹ́lé kì í ṣe àwọ̀, kòtò ni. Ohun tí kámẹ́rà ń rí níbẹ̀ ò ju òjìji tó wà nínú kòtò yẹn lọ. Tí ẹ bá tan fláàṣì láti iwájú, ìmọ́lẹ̀ á kún inú kòtò náà dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́, òjìji ò ní sí, ilà á lọ. Oòrùn àárọ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé ló kọ pẹ́lé Màmá sínú fọ́tò mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ìyá tàbí bàbá tó kọlà, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ yí wọn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ẹ ó rí i. Wọn ò kọ ilà fún ọmọ tuntun mọ́ bíi ti àtijọ́, àwọn tó ní in ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá di ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ra bébà fọ́tò tó ń dán tó nípọn, 230 giráàmù (bébà lẹ́tà lásán, 80 ni), mo tì í wọnú pírìńtà, mo tẹ bọ́tìnì, mo dúró tì í bí ẹni ń dúró ti àkàrà lórí iná. Ohun tó jáde, íńkì ń ṣàn lórí ẹ̀ ni, ó ṣù jọ ní kóńkó kóńkó, mo fọwọ́ kàn án ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ojú Màmá di ẹrẹ̀. Mo rò pé pírìńtà ti bà jẹ́. Ẹ̀yìn bébà ni mo tẹ̀ sí! Bébà fọ́tò tó ń dán, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi nǹkan tó ń mu íńkì bò, ike ni ẹ̀yìn ẹ̀, íńkì ò ríbi wọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá dá ojú ẹ̀ mọ̀, ẹ fi ìka tútù díẹ̀ kan etí ẹ̀, ojú tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka yín lojú tó ń gba íńkì. Kẹ́ ẹ sì tún sọ fún kọ̀ǹpútà irú bébà tẹ́ ẹ fi sí i, torí tó bá rò pé bébà lásán ni, ìwọ̀n íńkì tó máa tú jáde ò ní bára mu, àwọ̀ á sì dorí kodò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ojú bébà tó tọ́, sẹ́tíńgì tó tọ́, Màmá jáde. Àmọ́ wọ́n ṣókùnkùn! Ẹ̀wù wọn hàn, ẹ̀fọ́ hàn, ojú wọn kàn dà bí ẹni tó dúró sínú ilé tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀, pẹ́lé ti rì sínú dúdú. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ wọ́n ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òrí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ojú kọ̀ǹpútà àti ojú fóònù ní iná tiwọn nínú, bébà ò ní, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e nìkan ló ń dá padà fún wa, èmi sì ti tan kọ̀ǹpútà tèmi dé góńgó látọjọ́ tí mo ti rà á. Mo gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń dín iná ojú ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí funfun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fi jọ funfun bébà. Ó sún mọ́ ìdajì kó tó jọ ọ́. Mo tún wo fọ́tò Màmá, lóòótọ́ ó ṣókùnkùn, ó ti ṣókùnkùn látilẹ̀, iná ló ń tàn mí jẹ.

Gbogbo èèyàn ló sọ pé kí n kàn tan fọ́tò náà sí i. Mo tan gbogbo ẹ̀, awọ Màmá di eérú. Awọ dúdú kì í ṣe dúdú kan ṣoṣo, pupa wà nínú ẹ̀, yẹ́lò wà nínú ẹ̀, búlúù wà níbi tí òfuurufú ti kan orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ bá fi agídí tan án gbogbo ìyẹn á ṣá. Ohun tó gbà mí ni pé kí n fọwọ́ kan ibi tó ṣókùnkùn nìkan (áàpù Snapseed ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni, ohun tí wọ́n pè ní "Shadows" ni mo ń fà), kí n fi ibi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo wá gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá nìkan jáde, mo tò ó lọ́nà mẹ́fà sórí bébà 4 by 6 kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tàn ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ díẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lábẹ́, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n gbẹ torí àwọ̀ máa ń yí díẹ̀ bó bá ṣe ń gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́fà, pẹ́lé méjìdínlógún. Mo gbé e lọ sí fèrèsé, mo gbé e sábẹ́ gílóòbù pálọ̀, mo ní kí ọkọ mi wò ó, ó ní gbogbo ẹ̀ jọra, mo ní kó tún un wò. Nọ́ńbà 4 ni. Ní nọ́ńbà 3 pẹ́lé ṣì ń farapamọ́, ní 5 awọ wọn ti ń di ti ẹlòmíì.

Bébà náà tún fún mi ní ìrònú. Èyí tó ń dán, dúdú ẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, ó rẹwà lọ́wọ́, àmọ́ fèrèsé méjì ló kọjú síra ní pálọ̀ Màmá, mo gbé e síbẹ̀ nígbà tí mo lọ kí wọn, fèrèsé ni mo rí nínú ẹ̀, mi ò rí ojú. Mo yí sí bébà mátì, èyí tí kò dán. Dúdú ibẹ̀ ò jìn tó, mo ní láti tún àwọn ègé yẹn tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mi kúrò ní 4 bọ́ sí 5, àmọ́ ibi yòówù kéèyàn dúró sí á rí i. Ọwọ́ mi ò kúrò lára mátì mọ́.

Ti iná mànàmáná nìyí, màá yára sọ ọ́. Mò ń tẹ A4 lọ́jọ́ kan, mo ti dé agbọ̀n Màmá, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kẹta, ìlà funfun ti gba àárín gbogbo nǹkan tí mo bá tẹ̀. Ẹnu tó ń tu íńkì ní ìdérí kan tó máa ń padà sábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnì ara ẹ̀ pa á, tí iná bá kàn ṣẹ́ lójijì, ibi tó wà ló máa dúró sí láìdé nǹkan kan, íńkì á gbẹ sínú àwọn ihò tó kéré ju irun orí lọ. Mo ṣe "nozzle check" láti yẹ àwọn ihò yẹn wò, mo ṣe "head cleaning" láti fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn sì ń mu íńkì bí omi, kó tó tún ṣí. Láti ìgbà yẹn orí ínfátà ni pírìńtà mi wà, mo sì máa ń tẹ nǹkan kékeré kan ní gbogbo Sátidé kó má baà gbẹ. Fọ́tò Sátidé yẹn ló wá kún álíbọ́ọ̀mù mi báyìí.

Ohun kan tún wà tó máa ń dun èèyàn, gèlè. Fóònù ń ya fọ́tò ní 4 sí 3, bébà 4 by 6 jẹ́ 3 sí 2, wọn ò bára mu, tẹ́ ẹ bá ní kó kún bébà láìfi etí funfun sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án máa lọ. Fọ́tò ẹbí wa tí a yà níbùú lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, gèlè àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ lókè, bàtà lọ nísàlẹ̀. Ẹ fúnra yín gé e kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fi etí funfun sílẹ̀. Etí funfun ò burú rárá.

Nígbà tí mo lọ wọn ògiri pálọ̀ Màmá láti mọ ibi tí màá gbé e kọ́ ni mo tó wo àwọn fọ́tò tó wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn dúdú-àti-funfun tí wọ́n gbé kọ́ sókè lábẹ́ àjà tí wọ́n doríkodò díẹ̀ bí ẹni ń wo wá. Ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀ torí òjò, kò ṣeé tú mọ́ (ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín fọ́tò àti gíláàsì). Èkejì ni ti Bọ̀dá Táyé àti Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ méjì nínú aṣọ kan náà lórí àga. Láti kékeré mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gun àga lọ́jọ́ yẹn mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìlà tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, ìbòjú ẹ̀yìn wọn ò gún níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ká ìka kan náà kò lọ́nà kan náà. Mo bi Màmá. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò yẹn, Táyé nìkan ló jókòó, onífọ́tò ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jọ pé kì í ṣe ilé wa nìkan, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, tó bá jẹ́ akọ àti abo ni, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á wá tẹ àwọn méjèèjì pọ̀.

Mo dúró lórí àga yẹn fún ìgbà díẹ̀. Onífọ́tò yẹn náà yí ojú ayé padà nínú yàrá òkùnkùn ẹ̀, bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe yí i padà. Àmọ́ òun béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kó tó ṣe é. "Ó bi mí pé apá ibo ni Kẹ́hìndé máa ń jókòó sí," báyìí ni Màmá wí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e mo gbé fọ́tò Màmá dé, A4, mátì, ó ti gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Mi ò tíì fi sí fúrémù, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dì í mú. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n gbà á, kò sí pé fọ́tò mìíì yọ, kò sí pé iná kú. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ìka kan pẹ́lé àkọ́kọ́ lórí bébà, wọ́n kan èkejì, wọ́n kan ìkẹta, ìka òsì wọn sì ń kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gan-an bí wọ́n ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yí bébà náà dà, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò kọ nǹkan kan síbí?"

Lóòótọ́, gbogbo fọ́tò àtijọ́ wọn ló ní nǹkan lẹ́yìn, orúkọ, ọjọ́, òǹtẹ̀ onífọ́tò. Ẹ̀yìn mátì máa ń gba pẹ́ńsù dáadáa, mo wá ọ̀kan nínú báàgì ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo ní kí ni kí n kọ. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ baba olóòlà tó kọ ilà fún wọn, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, wọ́n sì pè é síllébù-síllébù kí n má baà ṣì í kọ. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà.